Ṣé Fracking Ló Mi Ilé Wa Ní Dallas? Bí Omi Ṣe Ń La Àpáta

  Láti Addison níhìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni mo máa ń sọ jù: ìfúnpá, àtọ̀gbẹ, oògùn tí àwọn òbí wa kò lò tán tí wọ́n ń tọ́jú dè ọjọ́ mìíràn. Lónìí, abẹ́ ilẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ẹ má ṣèyọnu, ọ̀rọ̀ ìfúnpá náà ni a ṣì máa sọ.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2015, ilẹ̀ mì ní Irving, nítòsí ibi tí pápá Texas Stadium wà tẹ́lẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ méjì tó tóbi jù lọ́jọ́ náà jẹ́ 3.5 àti 3.6. Èyí kò tó ohun tó ń wó ilé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ibí yìí kì í ṣe California. Ṣáájú ọdún 2008, ó ṣòro láti rí ẹni tó máa sọ pé òun gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ rí ní agbègbè Dallas àti Fort Worth. Ìjì líle ni àwa mọ̀.

Obìnrin kan tó máa ń wo fídíò wa kọ̀wé sí mi láti Irving. Òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ ra ilé. Nínú ìwé tí wọ́n kó fún wọn, wọ́n rí i pé ilé àti òkè ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Òfin Texas gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè ta òkè ilẹ̀ kó fi gáàsì àti epo rọ̀bì abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ẹni tó ni abẹ́ yìí sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lo òkè ní ìwọ̀n tó bá yẹ kó lè rí nǹkan rẹ̀ kó jáde. Arábìnrin náà wá bi mí pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé fracking yìí ló mi ilé àwọn èèyàn nígbà yẹn? Ṣé ó tún máa mì?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn dáadáa, torí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lásán ni gbogbo èèyàn ń fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ epo ní rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń takò wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó fa àríyànjiyàn náà ni pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń fi orúkọ kan pè. Ọ̀kan ni fífi omi la àpáta tí omi kò lè gbà kọjá. Èkejì ni dída omi ìdọ̀tí sínú àpáta mìíràn, èyí tí omi ń gbà kọjá. Ìfúnpá omi ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, àmọ́ ibi tí ó máa dé kò jọra rárá. Ìṣirò ló ń fi ìyàtọ̀ náà hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná. Bu gàrí sínú àwo kan. Bọ́ ẹ̀kọ tútù kúrò nínú ewé rẹ̀ sínú àwo kejì. (Ẹ̀kọ tí à ń jẹ ni o, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́. Ẹ wo àmì orí rẹ̀.) Da omi sórí méjèèjì. Gàrí á mu omi lójú ẹsẹ̀, torí àlàfo wà láàárín wóró kan sí èkejì. Omi á dúró sórí ẹ̀kọ. Kì í ṣe pé kò sí omi nínú ẹ̀kọ o. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ti inú lè gbà jáde, tí ti ìta lè gbà wọlé, ni kò sí.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henry Darcy, ló sọ èyí di ìṣirò. Ó ń ṣètò omi fún ìlú Dijon, ó sì jẹ́ kí omi gba inú iyanrìn kọjá, ó wọn bó ṣe ń yára tó, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1856. Bí ìyàtọ̀ ìfúnpá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi á ṣe yára tó, ṣùgbọ́n irú nǹkan tí omi ń gbà kọjá ló ń pinnu iye tó máa kọjá. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn àpáta títí dòní. Iyanrìn tó dára lè tó Darcy kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Barnett Shale, àpáta tó ní gáàsì nínú lábẹ́ Fort Worth àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìwọ̀-oòrùn wa, nanodarcy ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nanodarcy kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan Darcy. Ẹ̀kọ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó ti le gbagidi fún ohun tó lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún, tó sì jìn ju máìlì kan lọ sísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Gáàsì wà nínú rẹ̀. Jíjáde ni kò lè jáde.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ti mọ ohun tó kàn. Bí kánúlà bá yọ kúrò nínú iṣan, tí omi dírípù wá ń lọ sínú ẹran ara, ẹran ara kò lè gbé omi náà lọ kíákíá tó bó ṣe ń wọlé. Apá á wú, á tutù, á máa dun aláìsàn. Omi tó ń wọlé ju èyí tó lè jáde lọ, ó sì gbọ́dọ̀ wá àyè fún ara rẹ̀. Ẹran ara máa ń fà, nítorí náà ó wú. Àpáta kì í fà bẹ́ẹ̀. Àpáta máa ń sán.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Nínú fracking, aláǹgbá fúnra rẹ̀ ló ń fi ipá la ògiri lẹ́nu. Pàlàpálá àpáta ni mo máa pe ẹnu tó là yìí.

Kí ilé-iṣẹ́ kan tó náwó sí kànga, wọ́n fẹ́ mọ̀ bí pàlàpálá náà ṣe máa gùn tó, bó ṣe máa ga tó, àti apá ibi tó máa kọjú sí. Kò sẹ́ni tó lè wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wò ó. Nítorí náà wọ́n ń ṣe àwòṣe, ohun tí wọ́n ń pè ní model. Ó lè jẹ́ nǹkan tí wọ́n fọwọ́ ṣe lórí tábìlì, ó lè jẹ́ ìṣirò lórí ìwé, ó sì lè jẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn, gelatin ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan tó ń gbọ̀n bíi jelly yìí. M. King Hubbert, tí wọ́n bí ní San Saba níbí ní Texas, àti David Willis, ń ṣiṣẹ́ ìwádìí fún Shell ní Houston. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1957, wọ́n fún gelatin mọ́ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì fún ẹrẹ̀ plaster of Paris sínú rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, wọ́n yọ ọ́ jáde, wọ́n sì rí bí pàlàpálá náà ṣe rí gan-an. Ṣáájú wọn, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà gbà pé ńṣe ló máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Hubbert àti Willis fi hàn pé ibi tí àpáta ti ń fún ara mọ́ díẹ̀ jù ni omi máa ń tì. Ní máìlì kan sísàlẹ̀, ẹrù àpáta tó wà lókè sábà máa ń wúwo jù. Omi kò lè gbé e. Ó rọrùn fún un láti ti ẹ̀gbẹ́ kan sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí pàlàpálá ibẹ̀ fi sábà máa ń dúró ṣánṣán bí ògiri.

Ẹ lè ṣe é nílé, ẹ pe àwọn ọmọ wá wò ó. Fi ìka méjì fún ẹ̀kọ tútù mọ́ láti ọ̀tún àti òsì, kí o wá fi síríǹjì ti omi tí o ti pa láró sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi kò ní rin ẹ̀kọ náà. Á là á, á sì máa là á lọ láti ìka kan sí èkejì.

Ìṣirò tó wá ń sọ bó ṣe máa gùn tó, nọ́ọ̀sì ló yẹ kó kọ́ yín, torí ìwé kan wà tí à ń kọ lójoojúmọ́ fún aláìsàn: omi tó wọlé, omi tó jáde. Omi tí wọ́n fún sínú kànga ní ibi méjì péré láti lọ. Èyí kan wà nínú pàlàpálá, èyí kan jò sínú àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀, ó gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí wọ́n fún wọlé. Nínú àpáta tó dà bí gàrí, púpọ̀ nínú omi máa ń jò dànù, pàlàpálá kò sì ní lọ jìnnà. Nínú Barnett, díẹ̀ ló ń jò, nítorí náà ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lílà. Líle tí kò jẹ́ kí gáàsì jáde náà ló jẹ́ kí pàlàpálá lè gùn.

Fífẹ̀ rẹ̀ ló tún kù. Bí inú kánúlà bá fẹ̀ ní ìlọ́po 2, ìfúnpá kan náà lè ti omi gba inú rẹ̀ ní ìlọ́po 16. Ìdí nìyí tí a fi ń wá kánúlà ńlá kíákíá fún ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Pàlàpálá kò rí roboto, pẹlẹbẹ ni, nítorí náà ìlọ́po 8 ni tirẹ̀. Ó ṣì pọ̀. Ẹ wá rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ta kókó: ìfúnpá ló ń fẹ̀ ẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí omi kọjá, omi tó kọjá ló sì ń gbé ìfúnpá lọ síwájú kó tún lè là sí i. Èèyàn kò lè ṣírò ọ̀kan kó fi èyí tó kù sílẹ̀.

Ìtòsí wa níhìn-ín ni wọ́n ti tú kókó náà. Ní 1961, T. K. Perkins àti L. R. Kern, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Atlantic Refining ní Dallas, tẹ ìṣirò fífẹ̀ pàlàpálá jáde. Ní 1972, R. P. Nordgren fi ti omi tó ń jò kún un. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi ń pè é: PKN. Títí dòní, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán tó wà nínú rẹ̀ rọrùn: kànga wà láàárín, pàlàpálá kan yọ sí ọ̀tún, ọ̀kan yọ sí òsì, bí ìyẹ́ méjì lára ẹyẹ. Ohun kan nínú ìṣirò yìí yà mí lẹ́nu. Bí gígùn àti bí omi ṣe ń yára wọlé kò bá yí padà, kí pàlàpálá tó lè fẹ̀ ní ìlọ́po 2, omi tí wọ́n ń lò gbọ́dọ̀ ki ní ìlọ́po 16.

Àwọn ẹnjiníà gba ìmọ̀ràn náà. Wọ́n ń mú kí omi ki. Guar ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀wà kan tí wọ́n ń gbìn ní Íńdíà, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń sọ omi di ohun tó ń fà bí ewédú. Omi tó ki báyìí á la pàlàpálá tó fẹ̀, á sì gbé iyanrìn wọ inú rẹ̀. Iyanrìn yìí ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n bá dẹ ìfúnpá, àpáta á fẹ́ pa ẹnu dé. Iyanrìn ni kò ní jẹ́, bí òkúta tí wọ́n fi há ilẹ̀kùn.

Ibi tí George Mitchell ti wọ ìtàn náà nìyí. Galveston ni wọ́n bí i ní 1919, bàbá rẹ̀ sì ti da ewúrẹ́ ní ilẹ̀ Gíríìsì kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ọmọ àwọn tó ṣí wá, ẹ gbọ́ ìyẹn. Láti 1981 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti ń gbẹ́ kànga sínú Barnett, bẹ̀rẹ̀ láti Wise County. Gáàsì ń jáde, ṣùgbọ́n owó ewédú yìí ń jẹ èrè tán. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún 2000 pé, ẹnjiníà rẹ̀ kan, Nick Steinsberger, dábàá pé kí wọ́n lo omi tó fúyẹ́, pẹ̀lú kẹ́míkà díẹ̀ tó ń jẹ́ kó yọ̀ gba inú páìpù, kí iyanrìn náà sì dínkù. Bí ẹ bá wo PKN, ìmọ̀ràn burúkú ni. Pàlàpálá á tín-ín-rín, iyanrìn á rì sísàlẹ̀. Ní 1998, wọ́n ṣe é ní kànga S. H. Griffin No. 4, nítòsí Ponder ní Denton County, gáàsì sì tú jáde ju ti àwọn kànga tí wọ́n lo ewédú fún lọ. Ní 2002, Devon Energy ra ilé-iṣẹ́ Mitchell, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga tó sùn gbọọrọ nínú àpáta náà.

Kí ló dé tí omi fúyẹ́ ṣe ohun tí ìṣirò sọ pé kò lè ṣe? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, wọ́n sọ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró kéékèèké sínú kànga tó wà nítòsí, wọ́n sì ń gbọ́ bí àpáta ṣe ń ta pọ́ọ́pọ́ nígbà tó ń là. Wọ́n retí pé àwọn ìró náà á tò sórí ìlà kan, bí ìyẹ́ méjì. Wọn kò tò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fọ́n káàkiri bí àwọ̀n. Barnett ti ní ìsán àtijọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú, tí òkúta funfun kan, calcite, ti dí. Omi tó ki á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Omi fúyẹ́ máa ń wọ inú wọn, á tún wọn là, pàlàpálá kékeré lé pàlàpálá kékeré. Ìṣirò PKN kò parọ́. Àpáta tó ń bá sọ̀rọ̀ ni kì í ṣe àpáta yìí.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe àwòṣe tuntun nínú kọ̀ǹpútà, tó ń jẹ́ kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún pàlàpálá pàdé ara wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí nǹkan tí èèyàn lè yí nínú àwòṣe bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn sí i láti yí i títí yóò fi bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ mu. Bí ẹnìkan bá gbé àwòṣe aláràbarà wá síwájú yín, ẹ bi í ní ohun tó sọ kó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ ti rí i pé fracking gan-an, wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ ni, nínú àpáta tó há, tí omi kò sì lè rìn jìnnà kúrò nínú pàlàpálá tó là. Ìró tó ń mú wá sábà máa ń kéré débi pé ẹ̀rọ nìkan ló lè gbọ́ ọ. Mo ní "sábà". Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain mọ ìtàn Blackpool: ní 2011, fracking fúnra rẹ̀ mi ilẹ̀ níbẹ̀ dé 2.3. Ní oṣù Kẹjọ 2019 ó mì dé 2.9 nítòsí ibẹ̀, ìjọba sì dá a dúró ní England ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé fracking kò lè mi ilẹ̀ láéláé kò sọ òótọ́.

Àmọ́ ní agbègbè tiwa, ẹsẹ̀ tọ ibòmíràn lọ. Nígbà tí kànga bá ń ṣiṣẹ́, omi máa ń bá gáàsì jáde. Díẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fún wọlé, púpọ̀ jẹ́ omi ayébáyé tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì níyọ̀ ju omi òkun lọ. Kò ṣeé mu, kò ṣeé dà sódò, kò ṣeé fi bomi rin oko. Wọ́n wá ń gbẹ́ kànga mìíràn láti dà á padà sísàlẹ̀, sínú Ellenburger, àpáta tó wà lábẹ́ Barnett. Ellenburger ní àlàfo àti ìsán tirẹ̀. Gàrí ni lábẹ́ ẹ̀kọ. Omi ń wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé wọ́n là á. Lójú àwòrán, ó jọ pé iṣẹ́ yìí ló jẹ́jẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ọdún lé ọdún ni wọ́n fi ń dà á, kì í ṣe wákàtí. Omi náà fúnra rẹ̀ lè má lọ jìnnà, àmọ́ ìfúnpá rẹ̀ ń lọ. Òfin rírìn rẹ̀ ni pé, kó tó lè dé ibi tó jìn ní ìlọ́po 2, ó nílò àkókò ìlọ́po 4. Nítorí náà ó ń falẹ̀, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ lókè. Lọ́jọ́ kan, á dé ojú ìyapa àpáta, ibi tí àpáta ti ya sí méjì láti ayébáyé, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì tẹ ara wọn mọ́ra láìyọ̀. Ẹ ronú nípa fìríìjì tí ẹ fẹ́ tì tí kò lọ. Bí ẹnìkan bá bá yín gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀, á yọ̀ lójijì. Ohun tí ìfúnpá omi ń ṣe nìyẹn: ó ń gbé ẹrù kúrò lórí ojú ìyapa náà. Ipá tó ń tì í ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Denver ló kọ́kọ́ kọ́ gbogbo ayé ní èyí. Ní 1962, àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ìdọ̀tí ohun ìjà kẹ́míkà sínú kànga jíjìn kan ní Rocky Mountain Arsenal. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n dá a dúró ní 1966. Ní 1967, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró, ni àwọn ìmìtìtì tó tóbi jù wá dé.

Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú DFW. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, kànga ìdanùmi kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ pápá náà. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ń parí, ilẹ̀ mì. Wọ́n ti kànga náà ní oṣù Kẹjọ 2009, síbẹ̀ àwọn ìmìtìtì kéékèèké ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Bíi ti Denver, abẹ́ ilẹ̀ kò gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí.

Azle ni wọ́n ti ṣe àwòṣe tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Láti oṣù Kọkànlá 2013 sí oṣù Kìíní 2014, àwọn ará Azle àti Reno, ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Fort Worth, gbọ́ ìmìtìtì 27. Àwọn onímọ̀ láti SMU, yunifásítì Dallas níbí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó ẹ̀rọ lọ. Wọ́n ya ojú ìyapa tó wà níbẹ̀, wọ́n kó iye omi tí kànga ìdanùmi méjì ti gbà jọ, wọ́n fi omi tí àwọn kànga gáàsì ń fà jáde kún un, wọ́n sì fi òfin Darcy ṣírò bí ìfúnpá ṣe yí padà títí dé ojú ìyapa náà. Wọ́n tún ṣírò ohun mìíràn tí àwọn èèyàn ń nàka sí, bí ọ̀dá ṣe jẹ́ kí omi adágún tó wà nítòsí fà. Ti adágún kéré jọjọ. Ìdà-omi ní ẹ̀gbẹ́ kan àti ìfà-omi ní ẹ̀gbẹ́ kejì ló bá a mu jù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015. Ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ náà ni pé wọ́n jẹ́ kí afurasí kejì náà wá sí ilé ẹjọ́.

Railroad Commission of Texas, tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin mọ́ láti 2005 ṣùgbọ́n tó ń darí epo àti gáàsì, pe àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni kànga ibẹ̀ wá sọ tẹnu wọn lọ́dún náà. Àwọn olùgbọ́ẹjọ́ wọn ní ẹ̀rí kò tó láti dá wọn lẹ́bi. Èmi rí ohun tó fa ìyẹn. Àwòṣe ń sọ ohun tó ṣeé ṣe jù. Ẹjọ́ ń béèrè ẹni tó ṣe é. Láàárín méjèèjì, ẹni tí ògiri rẹ̀ sán ló ń ná owó ara rẹ̀. Ní Denton, àwọn ará ìlú kò dúró de ìṣirò kankan: ní oṣù Kọkànlá 2014, nǹkan bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò pé kí fracking dúró nínú ìlú wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2015, gómìnà buwọ́ lu òfin tó gba irú agbára bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìlú.

Irving ṣòro jù, torí kò sí kànga ìdanùmi tó sún mọ́ ibẹ̀ gan-an. Ohun tí ìwádìí SMU àti ti ìjọba àpapọ̀ fi hàn ní 2017 ni pé àwọn ojú ìyapa tó wà lábẹ́ wa ti sùn fún nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún kó tó di 2008. Nǹkan tó sùn tó bẹ́ẹ̀ kì í dédé jí. Ìfúnpá tó ń tàn kálẹ̀ láti ọ̀pọ̀ kànga nínú Ellenburger ni èmi gbà pé ó jí i.

Nítorí náà, àbúrò mi ní Irving, ìdáhùn mi rèé. Lílà tí wọ́n ń la Barnett kọ́ ni ẹ̀rí ń tọ́ka sí, omi tó bá gáàsì jáde tí wọ́n dà padà ni. Bí iṣẹ́ gáàsì ṣe dínkù, omi tí wọ́n ń dà dínkù, ìmìtìtì náà sì dínkù láti nǹkan bí 2014. Ṣé ó tún lè mì? Ó lè mì, torí ìfúnpá kò tíì tán nísàlẹ̀, àti pé bí owó gáàsì bá gòkè, wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé, ẹ lọ sórí máàpù Railroad Commission, ẹ wá kànga ìdanùmi tó sún mọ́ àdírẹ́sì yẹn, ẹ sì wá fọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ H-10. Inú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti ń kọ iye omi tí wọ́n dà lóṣooṣù àti ìfúnpá tí wọ́n fi dà á. Ẹ tún wo TexNet, àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba Texas náwó sí láti 2015, tí University of Texas ní Austin ń bójú tó. Gbogbo ìmìtìtì tí wọ́n bá gbọ́ ló wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ to méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, oṣù sí oṣù, ẹ má sì gbàgbé pé ìfúnpá máa ń pẹ́ dé. Bí ẹ bá rí H-10 tí kò yé yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ kà á nínú fídíò tó ń bọ̀.